Ẹlẹ́ṣin Kẹjọ ní Ọ̀gbà

Ní ọdún tó tẹ̀lé èyí tí àwọn ológun fagi lé ìdìbò, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ epo takú sórí ìyanṣẹ́lódì wọn, tí gbogbo ilé epo láti Ìkẹjà dé Agége sì gbẹ táútáú, àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá wá rántí pé ẹṣin kì í mu bẹntiróòlù.

Títí di ìgbà náà, ayẹyẹ nìkan ni wọ́n ń kó àwọn ẹṣin bárékè lọ. Wọn a wẹ̀ wọ́n, wọn a fi òróró pa gàárì wọn títí yóò fi máa dán, wọn a sì tò wọ́n síwájú mọ́tò àlejò pàtàkì. Ṣùgbọ́n kò sí ayẹyẹ lọ́dún náà. Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé dé, ti jẹ àwọn ilé iṣẹ́ dé egungun. Èyí tó ń hun aṣọ ti kógbá sílé, èyí tó ń ṣe táyà ti lé ìdajì àwọn ènìyàn rẹ̀, àwọn ọkùnrin tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ sì ń jókòó síwájú ilé wọn ní òwúrọ̀ kùtù nínú aṣọ iṣẹ́ tí kò níṣẹ́ mọ́. Ara ìlú kò lélẹ̀. Bí ilẹ̀kùn bá gbá lójijì, àwọn ènìyàn á dìde dúró.

Inú yàrá tí wọ́n ń kó gàárì sí ni Sájẹ́ǹtì Ṣínà Àjàní wà ní gbogbo àsìkò yìí. Ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì ni, olùfọkànsìn ni, ẹlẹ́ṣin gidi sì ni nígbà kan rí. Ní ọdún méjì sẹ́yìn ni Àlùbáríkà, abo ẹṣin pupa tí wọ́n fi sábẹ́ rẹ̀, yọ̀ lórí títì tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ní oríta Allen. Ṣínà fa okùn ìjánu gidigidi láti gbé e ró, ẹṣin náà sì ti ẹ̀yìn ṣubú lé e. Eegun ìtan òsì rẹ̀ fọ́. Ó pẹ́ ní ọsibítù, ó fi igi rìn, Olúwa ṣàánú rẹ̀, eegun náà jiná. Láti ọjọ́ yẹn ni ó ti ń fi òróró pa gàárì tí àwọn ẹlòmíràn ń jókòó lé, tí ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé òun ṣì ní iṣẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Ìnsípẹ́tọ̀ Làsísì pe gbogbo àwọn ẹlẹ́ṣin sábẹ́ igi fúrúùtù tó wà lẹ́yìn ilé ẹṣin. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni Làsísì, òun ni olórí ọ̀wọ́ ẹlẹ́ṣin, kì í sì pariwo. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe le tó ni ohùn rẹ̀ ṣe máa ń lọ sílẹ̀ tó. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi pàṣán ẹṣin ya àwòrán sórí iyanrìn: títì kan, ògiri kan, géètì kan.

Ó ṣàlàyé fún wọn pé ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan ní Ọ̀gbà ni. Àwọn tó ni ín fẹ́ tìlẹ̀kùn, wọ́n sì fẹ́ kó ẹ̀rọ lọ. Ẹ̀rọ ti wà lórí lọ́rì nínú ọgbà, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ti sé títì mọ́ lọ́rì, wọ́n ní bí ẹ̀rọ bá jáde, àwọn ti di aláìníṣẹ́ nìyẹn. Àwọn sọ́jà ti dé. Làsísì ti lọ bá ọ̀gá wọn, ó sì ti bẹ̀ ẹ́ kó fi títì náà sílẹ̀ fún ẹṣin. Ọ̀gá sọ́jà gbà, pẹ̀lú àdéhùn kan: Ọjọ́bọ̀ ni lọ́rì yóò jáde. Bí àwọn ẹlẹ́ṣin bá lè to ìlà síwájú géètì, kí ìlà náà má já títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, àwọn sọ́jà kò ní kúrò níbi tí wọ́n wà. Bí àlàfo kan bá yọ, bí ẹṣin kan bá sá, tí èrò sì ya wọlé, òun yóò wọlé ní tòun.

Gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ igi náà ló mọ bí ọ̀gá sọ́jà ṣe ń wọlé. Wọ́n ti rí i ní ọdún tó kọjá.

Làsísì fi pàṣán tọ́ka sí iyanrìn, ó ní ẹṣin mẹ́jọ ni títì náà gbà, etí kan etí, láìsí àyè fún ewúrẹ́. Ẹlẹ́ṣin méje ló sì kù, nítorí ibà ti dá ẹnì kan dùbúlẹ̀. Ó gbójú sókè wo Ṣínà.

"Àjàní, ìwọ ni ìkẹjọ."

"Ọ̀gá, ìtan mi ńkọ́?"

"Dókítà ní ó ti jiná."

"Dókítà ò gun ẹṣin, sà."

Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Làsísì kò rẹ́rìn-ín. Ṣínà wá sọ èyí tó wúwo jù: pé ilé iṣẹ́ yẹn ni Oyèníkẹ́, ìyàwó òun, ti ń di bísíkíìtì sínú páálí, pé ó wà lára àwọn tó jókòó sójú títì. Làsísì fi ẹsẹ̀ pa àwòrán rẹ̀ rẹ́.

"Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ọ níbẹ̀," ó wí. "Ẹni tí aya rẹ̀ wà níwájú ẹṣin kò ní gbàgbé ibi tí pátákò ń bọ́ sí."

Lẹ́yìn èyí, ó ní kí kálukú wá fọwọ́ kan irin ìjánu tó wà lọ́wọ́ òun, kí ó sì búra pé ẹṣin òun kò ní tẹ ọmọ ènìyàn. Àwọn Mùsùlùmí fi Ọlọ́run Ọba búra, àwọn Kìrìsìtẹ́nì fi orúkọ Jésù búra. Ọkùnrin kan láti Òkè-Ògùn sọ pé irin tí òun dì mú yìí tó òun. Ọwọ́ Ṣínà ló kẹ́yìn.

Ọjọ́ náà ni wọ́n gbé e padà sórí Àlùbáríkà nínú pápá. Bàbá Shuaib, olùtọ́jú ẹṣin, Haúsá tí wọ́n bí ní Sábó Agége tí Yorùbá rẹ̀ sì dùn ju ti ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lọ, ló di okùn gígùn mú láàárín, tí ẹṣin ń yí i ká. Làsísì ti yọ irin ìtẹsẹ̀ kúrò lára gàárì. Ó ní kí Ṣínà fi ìbàdí wá ìjókòó, kí ó má fi ẹsẹ̀ wá a.

Kò rí i. Ìtan òsì tó ti fọ́ rí ń bẹ̀rù, bí ìtan sì ti ń bẹ̀rù ni gbogbo ara rẹ̀ ń sá lọ sí ọ̀tún láìjẹ́ pé ó mọ̀. Ẹṣin mọ̀. Ẹṣin máa ń mọ ibi tí ènìyàn gbé ìwúwo rẹ̀ lé kí ènìyàn fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Àlùbáríkà á fẹ́ yà sọ́tùn-ún, Ṣínà á fún eékún mọ́ ọn, ẹṣin á rò pé wọ́n ní kí òun sáré, ilẹ̀ á sì gba Ṣínà.

"Sájẹ́ǹtì," ni Bàbá Shuaib wí nígbà tó gbé e dìde lẹ́ẹ̀kejì, tó ń gbọn iyanrìn kúrò léjìká rẹ̀, "ilẹ̀ ibí yìí ti mọ orúkọ rẹ o. Lọ́la, ó lè béèrè ará ilé."

Èyí tó burú jù ni ìsúnsẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbogbo ẹṣin ọ̀wọ́ náà ló mọ̀ ọ́n: bí ẹlẹ́ṣin bá fi ẹsẹ̀ òsì tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò sún sọ́tùn-ún, ẹsẹ̀ kan á máa dábùú ìkejì, bí ó bá tẹ ti ọ̀tún, yóò sún sósì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣí ìlà tí wọ́n sì ń pa á dé bí ilẹ̀kùn, láìsí pé wọ́n fi pàṣán kan ẹnikẹ́ni. Ti ọ̀tún rọ Ṣínà lọ́rùn. Ṣùgbọ́n bó bá ti tẹ ẹsẹ̀ òsì, ara rẹ̀ á wọ́ tẹ̀ lé e, ojú rẹ̀ á wolẹ̀ sọ́rùn ẹṣin, Àlùbáríkà á sì dàrú, á gorí ibi tí kò yẹ kó gùn. Ọjọ́ Ajé, kò rí i ṣe. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò rí i ṣe. Ó jókòó nínú ìpàdé àdúrà ní ìrọ̀lẹ́, ìbàdí rẹ̀ sì ń mì lórí àga bí ẹni tó ṣì wà lórí gàárì. Àgbà ìjọ tó jókòó tì í bi í léèrè bóyá inú ló ń run ún.

Ní Ọjọ́rú, Oyèníkẹ́ sáré wá sílé ní Ìfàkọ̀ láti gbé oúnjẹ ka iná fún Olútóyìn, ọmọ wọn, kí ó tó padà sí géètì. Ó bá Ṣínà tó ń na ẹsẹ̀ lórí ẹní. Ó da omi gbígbóná sínú báàfù, ó ki aṣọ bọ̀ ọ́, ó fún un, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìtan òsì ọkọ rẹ̀ bíi ti àtijọ́.

"Bàbá Tóyìn, wọ́n ní ẹ ti padà sórí ẹṣin."

"Àṣẹ ni."

"Sójú wa?"

"Sáàárín ẹ̀yin àti sọ́jà."

Ó tẹ aṣọ náà mọ́lẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. "Mo gba ẹ̀gbẹ́ wáyà pápá yín kọjá lánàá. Mo rí bí ilẹ̀ ṣe gbà yín. Ẹni tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́ sórí ẹṣin nínú iyanrìn, ṣé àárín àwọn obìnrin tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ló fẹ́ wá kọ́ ọ?"

Ṣínà nawọ́ mú Bíbélì tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé ọwọ́ lé e. Ó ní bí ẹṣin òun bá tẹ ẹnikẹ́ni lọ́la, kí Olúwa má gbọ́ àdúrà òun mọ́ láéláé. Oyèníkẹ́ gba Bíbélì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dá a padà síbi tó wà.

"Ẹ má fi Olúwa búra nítorí ẹsẹ̀ tí kò gbọ́ràn sí yín lẹ́nu," ó wí. Ó bo ìkòkò, ó mú gèlè rẹ̀, ó sì jáde.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, òjò rọ̀, ó sì dá. Làsísì to ẹṣin mẹ́jọ síwájú ilé ẹṣin, ó sì ń kọjá níwájú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìṣe rẹ̀, ó ń kì wọ́n ní ohùn kékeré. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Àlùbáríkà, ó fi ọwọ́ pa á níwájú orí.

"Àlùbáríkà, abo pupa, ọ̀ṣọ́ ìlà. Arìn-bí-ìyàwó, asáré-bí-ìròyìn. Ọmọ tó fi ìrù lé eṣinṣin ìjọba. Gbé Àjàní lọ, gbé e bọ̀."

Wọ́n jáde. Kò sí mọ́tò lójú pópó. Ìró pátákò nìkan ló ń dún lára ògiri ilé báńkì àti òtẹ́ẹ̀lì, àwọn ènìyàn sì ń yọjú lójú fèrèsé òkè láti wo ohun tó ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n dé oríta Allen, Àlùbáríkà dúró gbọnin. Títì ń dán fún omi. Ẹṣin náà fi imú kan ọ̀dà, ó sì ń mí hẹ̀ẹ̀. Ṣínà mọ̀ pé ó rántí. Òun náà rántí. Òógùn bò ó lábẹ́ fìlà, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń fa okùn ìjánu kó tó mọ̀.

Làsísì darí ẹṣin tirẹ̀ padà, ó wá dúró tì í, eékún kan eékún. Kò sọ pé kó fọkàn balẹ̀. Ohun tó bi í ni pé ta ló ń se ọbẹ̀ nílé wọn báyìí tí ìyá ilé wà lójú títì. Ṣínà ní Olútóyìn ni, pé iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. Làsísì ní ti ọmọ tòun kò ní iyọ̀ rárá, pé ká ní ọ̀rẹ́ ni àwọn ọmọ méjèèjì, wọn ì bá pín in. Nígbà tí ọ̀rọ̀ iyọ̀ yóò fi tán, wọ́n ti kọjá oríta náà, wọ́n sì ti ń wọ Àgídíngbí. Ṣínà kò mọ ìgbà tí wọ́n kọjá rẹ̀.

Èrò tó wà ní Ọ̀gbà pọ̀ ju bí wọ́n ti rò lọ. Láti géètì ilé iṣẹ́ bísíkíìtì náà títí dé ìyípadà ọ̀nà, ènìyàn ni ṣáá, wọ́n jókòó sórí páálí, wọ́n dúró, wọ́n ń kọrin. Ní apá kejì, lọ́nà jíjìn díẹ̀, ọkọ̀ sọ́jà méjì wà, àwọn sọ́jà sì tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pẹ̀lú ìbọn. Làsísì to àwọn ẹṣin rẹ̀ dábùú títì, wọ́n kọjú sí èrò, wọ́n kẹ̀yìn sí sọ́jà. Ó fi Ṣínà sí ìparí òsì, lẹ́bàá ògiri, tí ẹnu géètì sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó rò pé ògiri yóò ràn án lọ́wọ́.

Oòrùn yọ. Títì bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín. Àwọn òṣìṣẹ́ sì dojú èébú kọ wọ́n, èébú tí ẹ̀rín wà nínú rẹ̀.

"Ẹ̀yin ẹlẹ́ṣin, ẹ ti jẹun òwúrọ̀?" ni obìnrin kan pariwo. "Ẹṣin yín sanra jù yín lọ!"

"Ìjọba ló ń bọ́ ẹṣin," ni ẹlòmíràn dá a lóhùn. "Àwọn wọ̀nyẹn, ìyàwó wọn ló ń bọ́ wọn!"

Ṣínà kò lè rẹ́rìn-ín. Ìtan rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìrora náà ń ti ìbàdí bọ̀ wá sí eékún, ara rẹ̀ sì tún ti wọ́ lọ sí ọ̀tún. Àlùbáríkà ń ta ẹsẹ̀, ó ń fi èjìká lu ẹṣin keje. Lẹ́ẹ̀mejì ni àlàfo fẹ́ yọ láàárín òun àti ògiri, lẹ́ẹ̀mejì ni ó sì fi agbára ẹsẹ̀ ọ̀tún dá ẹṣin padà. Ó wo ẹ̀yìn lọ́gán, ó rí ọ̀gá sọ́jà tó ń mu sìgá, tí ojú rẹ̀ kò kúrò ní ìparí òsì ìlà náà. Ọkùnrin náà ti rí ibi tí okùn yóò ti já. Ṣínà gbàdúrà nínú ọkàn rẹ̀, kì í ṣe àdúrà gígùn. Ó ní, Baba, jẹ́ kí n jókòó. Ìyẹn ni gbogbo rẹ̀.

Nígbà náà ni èrò dákẹ́ láti ẹ̀yìn bọ̀ wá sí iwájú, wọ́n sì là sí méjì. Orin ìsìnkú bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin gbé pósí lé èjìká, wọ́n ń bọ̀ ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Níwájú wọn ni ọkùnrin kan wà nínú aṣọ funfun gígùn, tó gbé ìwé dání. Àwọn obìnrin tẹ̀ lé wọn, wọ́n we gèlè dúdú, wọ́n di ọwọ́ mọ́ àyà. Ẹnì kan tó wà níwájú tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́ṣin, ó ní ọ̀kan lára wọn ló kú, pé ẹnu géètì tó ti ṣiṣẹ́ láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ní kí wọ́n gbé òun gbà.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gba ènìyàn sínú iṣẹ́ ọlọ́pàá ni wọ́n ti ń kọ́ ọ pé bí òkú bá ń kọjá, o kò gbọdọ̀ ṣe nǹkan mìíràn ju pé kí o bọlá fún un. Làsísì kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Ọ̀wọ́! Àténṣàn!"

Ẹlẹ́ṣin mẹ́jọ nà ró. Lẹ́yìn wọn, bàtà àwọn sọ́jà kọlu ara wọn, gbì. Ọ̀gá wọn ju sìgá rẹ̀ nù, ó sì gbé ọwọ́ síwájú orí.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí ara Ṣínà. Ìtan kò tíì rántí pé òun ń bẹ̀rù tí àténṣàn ti mú un. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti nà, àgbọ̀n rẹ̀ ti gòkè, ojú rẹ̀ ti kúrò lọ́rùn ẹṣin, ó ń wo ọ̀kánkán. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gùn wálẹ̀, gìgísẹ̀ wọn fà wọ́n. Èémí tó ti há sí i láyà láti ọjọ́ Ajé jáde. Ó bá ara rẹ̀ láàárín gàárì, gan-an láàárín, bí ẹni tó wọ yàrá rẹ̀ nínú òkùnkùn tí kò sì kọlu nǹkan kan. Àlùbáríkà tú èémí jáde pẹ̀lú rẹ̀, ó sì dúró jẹ́ẹ́.

Ibi tí ojú rẹ̀ ti ń wo ọ̀kánkán ni ó ti rí aṣọ funfun náà dáadáa. Aṣọ kọ́ọ̀yà ni. Ó ní àbùlẹ̀ lábẹ́ apá ọ̀tún, tí wọ́n fi òwú búlúù lẹ̀, nítorí pé òwú funfun tán nílé lọ́jọ́ Àjíǹde. Oyèníkẹ́ ló lẹ̀ ẹ́. Aṣọ tí Ṣínà fúnra rẹ̀ fi ń kọrin ni, ó sì wà lọ́rùn Déolú, tó ń po ìyẹ̀fun nílé iṣẹ́ náà, tí kì í dé ṣọ́ọ̀ṣì àfi lọ́jọ́ ìkórè. Kò sí ẹni tó kú. Bí ẹnikẹ́ni bá kú níbi iṣẹ́ Oyèníkẹ́, ilé wọn ni wọn ì bá ti kọ́kọ́ sunkún rẹ̀. Pósí yẹn ṣófo. Ẹnu géètì ni wọ́n ń gbé e lọ, láti gbé e dábùú ọ̀nà lọ́rì.

Ọ̀rọ̀ kan péré ni yóò sọ. Làsísì wà nítòsí, yóò gbọ́. Ìlà yóò sé mọ́ pósí, ojú yóò ti àwọn òṣìṣẹ́, wọn yóò bínú, wọn yóò tì. Ohun tí ọ̀gá sọ́jà sì ń dúró dè nìyẹn. Bí kò bá sì sọ ọ́, ó ti tan ọ̀gá tó gbé e padà sórí ẹṣin jẹ, níwájú gbogbo ènìyàn. Ṣínà la ẹnu. Ó tún pa á dé.

"Ìkẹjọ," ni ohùn Làsísì wí, "ṣí ọ̀nà fún òkú."

Ẹsẹ̀ òsì nìkan ló lè ṣí i. Ṣínà kò wo ẹsẹ̀ náà. Ó jókòó gẹ́gẹ́ bó ti jókòó, ó sì fi inú ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀gbẹ́ Àlùbáríkà fẹ́ẹ́rẹ́, bí ènìyàn ti í fọwọ́ kan ọmọ tó ń sùn. Ẹṣin náà gbé ẹsẹ̀, ó dábùú, ó gbé e, ó dábùú. Ó sún kúrò lára ògiri, ẹṣin keje sún fún un, àwọn tó kù sún tẹ̀ lé e. Ọ̀nà ṣí. Pósí gba ẹ̀gbẹ́ bàtà rẹ̀ kọjá. Oyèníkẹ́ gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú gèlè dúdú lórí. Kò gbójú sókè.

Wọ́n gbé pósí dé ẹnu géètì. Níbi tí wọ́n ti fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀, ọ̀kan nínú wọn fi ẹsẹ̀ kọ irin tí géètì ń rìn lé. Pósí fi igun kan balẹ̀, ìdérí rẹ̀ ṣí, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì dà sílẹ̀: aṣọ iṣẹ́ àwọn tí wọ́n ti lé lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n ká a, orúkọ kálukú wà láyà tirẹ̀.

Lẹ́yìn náà ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, láàárín àwọn sọ́jà ni ẹ̀rín náà sì ti wá.

Ọ̀gá sọ́jà sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ láti iwájú orí. Ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó já ìbọn gbà lọ́wọ́ ẹni tó sún mọ́ ọn, ó sì yìn ín sókè.

Àlùbáríkà dìde lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Àwọn obìnrin wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an àti lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n di orí mú, Oyèníkẹ́ wà láàárín wọn. Bí Ṣínà bá fa okùn bó ti fà á ní Allen, ẹṣin náà yóò ti ẹ̀yìn wó lé wọn lórí. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó fún un ní gbogbo okùn, ó sì tẹ̀ mọ́ gọ̀gọ̀ rẹ̀. Bí ó ti ń bọ̀ wálẹ̀, ó bá a bọ̀, ó tún jókòó, ó tẹ ẹsẹ̀ òsì. Èjìká ẹṣin yà. Pátákò iwájú méjèèjì balẹ̀ níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni.

Ẹṣin náà ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ó dúró. Nítorí pé ìparí ìlà dúró, àwọn tó kù dúró. Nítorí pé ẹṣin dúró, èrò kò sáré. Ìbọn kejì kò dún, torí pé Làsísì ti wà níwájú ọ̀gá sọ́jà, ó ń fi ohùn rẹ̀ tó kéré jù sọ fún un pé ìlà kò já.

Ọ̀gá sọ́jà ní kí lọ́rì jáde. Dàwódù, awakọ̀ àkọ́kọ́, yọjú lójú fèrèsé, ó wo ẹnu géètì, ó sì pa ẹ́ńjìnnì.

"Mi ò gba orí pósí kọjá."

"Kò sí òkú nínú ẹ̀. Ṣé o fọ́jú ni?"

"Mo rí i, sà. Ká ní òkú wà nínú ẹ̀ ni, à bá ti mọ ẹni tó ni ín, ǹ bá tọrọ gáfárà kọjá. Èyí tó ṣófo yìí, ta ló ń dúró dè?"

Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó fi sápò, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Àwọn awakọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà yọ tiwọn. Ọ̀gá sọ́jà ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ gbé pósí náà kúrò, àwọn sọ́jà sì ń wo ara wọn, kálukú ń ti ẹnì kejì síwájú. Ó pẹ́ kí ẹnì kan tó ti inú ilé iṣẹ́ jáde wá, tó sọ pé ẹ̀rọ kò lọ mọ́ lónìí, pé àwọn yóò bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ilẹ̀ kò tíì ṣú nígbà tí ọkọ̀ sọ́jà lọ. Wọ́n fi èéfín sílẹ̀ fún èrò, ẹnikẹ́ni kò sì gbà gbọ́ pé wọn kò ní padà.

Làsísì ní kí gbogbo ẹlẹ́ṣin sọ̀ kalẹ̀. Méje sọ̀ kalẹ̀. Ó rìn wá sí ìparí òsì, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Ṣínà.

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, sà."

"O jẹ́ kí n bọlá fún aṣọ iṣẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Lọ́la, màá bi ọ́ níwájú àwọn tó kù, wàá sì dáhùn." Ó ti ń yí padà. "O jókòó dáadáa. Sọ̀ kalẹ̀."

"Mi ò lè sọ̀ kalẹ̀, sà."

Òótọ́ ni. Ìtan òsì ti di igi. Ó wà lórí ẹṣin láàárín títì, àwọn òṣìṣẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, àwọn kan ń wò ó bí ọ̀tá, àwọn kan kò mọ bí wọn yóò ṣe wò ó. Nígbà náà ni Oyèníkẹ́ ti ẹnu géètì wá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di bàtà ọkọ rẹ̀ mú, ó yọ ọ́ kúrò nínú irin ìtẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ rí aṣọ yín," ó wí, láìgbójú sókè.

"Mo rí i."

"Ẹ sì dákẹ́."

Ó gbé èjìká rẹ̀ sábẹ́ apá rẹ̀. Ṣínà gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kọjá ẹ̀yìn ẹṣin, ó sì wálẹ̀ sórí ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìwúwo rẹ̀. Ilẹ̀ ń mì lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé òun náà ń rìn. Láti inú èrò, ọkùnrin kan pariwo pé, "Ìyá Tóyìn, ọlọ́pàá lò ń gbé yẹn o!"

Oyèníkẹ́ kò wẹ̀yìn.

"Ọlọ́pàá tèmi ni," ó wí, ó sì sọ fún Àjàní pé kó fara tì í dáadáa, kó má tijú.